Ta Ni Yóò Ṣe Onídùúró fún Un?

  

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan nínú ìjọ wa wá bá mi lẹ́yìn Máàsì. Wọ́n ti pè é láti New York pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ níbẹ̀, bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ja ìjà kan tí ó di ti ọlọ́pàá. Wọ́n ní adájọ́ kò rán an lọ sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n kò sì tú u sílẹ̀ pátápátá. Wọ́n fi í sábẹ́ ohun tí àwọn Òyìnbó ń pè ní probation. Ìbéèrè ìyá náà kò gùn: “Fadá, ṣé ẹ̀wọ̀n ni èyí ni, àbí òmìnira?” Mo dá a lóhùn ní ìwọ̀nba, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju èyí tí a lè fi ìdúró sọ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú yín sì ní ọmọ, àbúrò tàbí ìbátan ní òkè òkun, tí ìjọba tiwa náà sì ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún wa nílé, mo rò pé ó yẹ kí a jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí lónìí.

Bí mo bá ní kí n túmọ̀ probation ní tààrà, màá sọ pé ìtúsílẹ̀ lábẹ́ àmójútó ni. Ṣùgbọ́n èdè wa ní ọ̀rọ̀ kan tí ó sún mọ́ gbòǹgbò rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni onídùúró.

Ní ọdún 1841, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ John Augustus. Bàtà ni ó ń ṣe jẹun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó wà ní kóòtù nígbà tí wọ́n mú ọ̀mùtí kan wọlé, tòun ti àkísà lọ́rùn. Ọkùnrin náà ń bẹ̀bẹ̀ pé bí wọ́n bá lè gba òun lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n, òun kò ní fi ẹnu kan ọtí mọ́. Ẹ̀yin náà mọ irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Augustus bá a sọ̀rọ̀, ó wò ó lójú, ó gbà á gbọ́, ó sì ṣe onídùúró fún un. Adájọ́ ní kí wọ́n padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n padà dé, ojú ọ̀mùtí náà ti wálẹ̀, ara rẹ̀ ti mọ́, àwọn ará kóòtù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a mọ̀ mọ́. Adájọ́ bu ìtanràn sẹ́ǹtì kan lé e pẹ̀lú owó kóòtù díẹ̀, ó ní kí ó máa lọ sílé. Láti ọjọ́ náà títí tí Augustus fi kú ní 1859, ó dúró fún àwọn ènìyàn tí ó sún mọ́ 2,000, ọkùnrin, obìnrin, àti ọmọdé. Kì í ṣe lọ́yà, kì í ṣe adájọ́, kì í sì í ṣe àlùfáà. Ìjọba kò san owó oṣù kankan fún un. Iṣẹ́ bàtà rẹ̀ gan-an fara gbá a. Ní 1878, ìpínlẹ̀ Massachusetts sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe yìí di iṣẹ́ ìjọba, tí a ń gba òṣìṣẹ́ sí, tí a sì ń sanwó fún. Ní 1899, ìlú Chicago dá kóòtù sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé nìkan, nítorí wọ́n rí i pé kò yẹ kí a dúró ọmọ ọdún méjìlá síwájú adájọ́ kan náà pẹ̀lú adigunjalè.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ó dà ní New York, ìlú tí ìyá yẹn béèrè nípa rẹ̀.

Ní New York, iléeṣẹ́ ìjọba ìlú kan ṣoṣo ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọmọdé àti àgbà. Olórí ìlú, ẹni tí wọ́n ń pè ní Mayor, ni ó ń yan Kọmíṣọ́nnà tí yóò máa darí rẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá bá mú ọmọdé, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ yìí ni yóò kọ́kọ́ rí i kí ẹjọ́ tó dé iwájú adájọ́. Bí ẹ̀ṣẹ̀ náà kò bá jẹ́ èyí tí ó le jù, òṣìṣẹ́ náà lè pe ọmọ, pe òbí, pe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, kí wọ́n gbìyànjú láàrin nǹkan bí oṣù méjì láti parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí, kí ó má di ẹjọ́ rárá. Àwọn bàbá wa ti sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Ó dà bí ẹni pé àwọn ará New York náà ti gbọ́. Ní ti àgbàlagbà, kí adájọ́ tó sọ iye ọdún nínú ẹjọ́ ńlá, iléeṣẹ́ náà ni yóò wádìí irú ènìyàn tí ẹlẹ́jọ́ jẹ́. Níbo ni ó ń gbé, ta ni wọ́n jọ ń gbé, iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe, kí ni ẹni tí ó pa lára wí? Wọn a kọ ọ́ sínú ìwé, adájọ́ a kà á. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣe é bà yín lẹ́rù. Ìbéèrè tí àgbà ilé máa ń bi ọmọ tí kò mọ̀ rí náà ni: Ọmọ ta ni ọ́?

Lẹ́yìn ìyẹn ni àmójútó fúnra rẹ̀. Bí adájọ́ bá ní kí ẹnìkan máa gbé nílé dípò ẹ̀wọ̀n, yóò máa fara han òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní àkókò tí wọ́n bá dá fún un. Yóò máa lọ sí iléèwé tàbí ibi iṣẹ́. Kò gbọdọ̀ kó kúrò nílé tàbí jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ láìgba àṣẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ní láti wà lábẹ́ rẹ̀ fún ọdún 5 gbáko, yálà ó yípadà ní oṣù kẹta tàbí kò yípadà.

Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń darí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè yẹra fún nìyí: irú ojú wo ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò fi máa wo àwọn tí wọ́n fà lé wọn lọ́wọ́? Ojú dóńgárí wà, ojú onídùúró sì wà. Dóńgárí ń ṣọ́ni kí ó lè rí ìgbà tí a óò ṣubú. Ẹni tí ó gbàgbé ọjọ́ ìpàdé, ẹni tí ọkọ̀ dá dúró tí ó fi pẹ́ dé, ẹni tí ó kó lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ tí kò sọ, kò jalè, kò lu ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti rú òfin àmójútó, kí wọ́n sì dá a padà síwájú adájọ́, kí ó ti ibẹ̀ gba ẹ̀wọ̀n lọ. Onídùúró pẹ̀lú ń ṣọ́ni, nítorí ọrùn tirẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣọ́ ni pé kí a má ṣubú. Iṣẹ́ méjèèjì jọra lójú ẹni tí ń wo láti òkèèrè. Ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún mọ ìyàtọ̀ wọn láàrin ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀ràn Kalief Browder jẹ́ kí gbogbo ayé rí bí ìyàtọ̀ náà ti tó. Ọmọ Bronx ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16, wọ́n mú un lórí ẹ̀sùn pé ó jí àpò àgbéfẹ́yìn kan. Ó ní òun kò jí i. Wọ́n fi béèlì 3,000 dọ́là sí i. Àwọn ẹbí rẹ̀ kò rí i san. Ó sì ti wà lábẹ́ àmójútó tẹ́lẹ̀ lórí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn. Nítorí náà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti rú òfin àmójútó, adájọ́ sì fagi lé béèlì náà pátápátá. Ẹ wò ó bí nǹkan ṣe yípo: iṣẹ́ tí Augustus dá sílẹ̀ láti mú ènìyàn jáde ni ó wá di kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ti ọmọ mọ́lé. Ọdún mẹ́ta ni ó lò ní erékùṣù Rikers, ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn àgbà, láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Nínú rẹ̀, nǹkan bí ọdún méjì ni ó fi wà ní yàrá àdáwà. Ní 2013, wọ́n fagi lé ẹ̀sùn náà, wọ́n ní kí ó máa lọ. Ní oṣù kẹfà 2015, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 22, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nílé ìyá rẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ní ọdún 2010 kan náà ni Kọmíṣọ́nnà tuntun dé sí iléeṣẹ́ náà. Vincent Schiraldi ni orúkọ rẹ̀. Washington ni ó ti wá, níbi tí ó ti darí iléeṣẹ́ àwọn ọmọdé tí ó kọsẹ̀ láti 2005. Ní Washington, ilé ìdánimọ́lé kan wà fún àwọn ọmọ náà tí ń jẹ́ Oak Hill. Láti 1985 ni ẹjọ́ ti wà ní kóòtù lórí bí wọ́n ti ń ṣe àwọn ọmọ níbẹ̀. Ní 2009 ni wọ́n tì í pa. Nígbà tí ó dé New York, ọdún mẹ́rin péré ni ó lò, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe ní ọdún mẹ́rin náà yẹ ní kíkà.

Ó bá ohun kan nílẹ̀ tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ti ṣe. Láti àwọn ọdún 1990 ni New York ti gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ fún àwọn tí ewu wọn kéré. Ẹni náà yóò wá, yóò gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ kí ó lè dá a mọ̀, yóò dáhùn ìbéèrè díẹ̀, yóò sì máa lọ. Àwọn kan bẹnu àtẹ́ lù ú pé báwo ni ẹ̀rọ ṣe lè tọ́ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ wọn dùn létí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, iye àwọn tí wọ́n tún mú kò pọ̀ sí i láàrin àwọn tí ń lo ẹ̀rọ. Àwọn òṣìṣẹ́ sì rí àyè gbájú mọ́ àwọn tí ó nílò wọn jù. Èmi rò pé ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rọ rárá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan kò nílò ju kí a fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n lọ máa ṣiṣẹ́ wọn. Bí a bá ń fi ọ̀rùlé gbogbo wọn sábẹ́ ojú ọlọ́pàá, a óò rí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì bá tí sí.

Schiraldi tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀. Òfin ti wà tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí ó bá ń ṣe dáadáa lè gba ìtúsílẹ̀ kí ọdún rẹ̀ tó pé, bí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá béèrè lọ́wọ́ adájọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ kì í sábà béèrè. Kí ni ìdí? Ẹni tí kò béèrè kò lè jẹ̀bi. Ọ̀gá tuntun ní kí wọ́n máa béèrè, iye àwọn tí wọ́n sì ń tú sílẹ̀ ṣáájú àkókò lọ sókè gan-an. Ó dín bí wọ́n ti ń dá ènìyàn padà sí kóòtù nítorí ìpàdé tí wọ́n pàdánù kù. Ní nǹkan bí 2014, òfin ìpínlẹ̀ yípadà pẹ̀lú: dípò ọdún 5 gbáko, adájọ́ lè fúnni ní ọdún 3, 4 tàbí 5.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe olórí rí, ìbáà jẹ́ olórí ẹgbẹ́ tàbí olórí iléèwé, ẹ óò mọ ohun tí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Bí Kọmíṣọ́nnà bá ti ẹgbẹ̀rún ènìyàn mọ́lé láìnídìí, kò sí ìwé ìròyìn tí yóò kọ ọ́, nítorí ẹgbẹ̀rún náà kò ní ẹnu. Ṣùgbọ́n bí ó bá tú ẹgbẹ̀rún sílẹ̀ tí ẹnìkan nínú wọn sì lọ pa ènìyàn, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì àwòrán Kọmíṣọ́nnà náà ni yóò wà lójú ìwé kìíní. Nítorí náà, gbogbo agbára ń fa olórí sí ọ̀nà kan náà: máa ṣọ́ wọn, máa tì wọ́n, máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ṣọ́ wọn. Ẹni tí yóò darí iléeṣẹ́ yìí dáadáa gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó lè dúró níwájú àwọn oníròyìn lọ́jọ́ burúkú náà, kí ó sọ ohun tí òun ṣe àti ìdí tí òun fi ṣe é, kí ó sì wá sí ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì láìyí ìlànà padà nítorí ẹ̀rù. Irú wọn kò pọ̀. Mo sì ń sọ èyí láìgbàgbé ìdílé ẹni tí wọ́n pa. Ẹkún wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlànà, kò sì sí ìṣirò tí ó lè tù wọ́n nínú.

Ìyípadà mìíràn wà tí mo fẹ́ràn jù. Ṣáájú ìgbà náà, gbogbo ẹni tí ó wà lábẹ́ àmójútó ní láti wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ńlá ní àárín ìlú, kí ó jókòó sí yàrá tí ó dà bí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ó dúró fún wákàtí, kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2011, iléeṣẹ́ náà ṣí ojúkò kan sí àdúgbò Brownsville ní Brooklyn, lẹ́yìn náà sí East New York, Bedford-Stuyvesant, Harlem, Gúúsù Bronx, Jamaica àti Staten Island. NeON ni wọ́n ń pè é. Àwọn òṣìṣẹ́ wá bá àwọn ènìyàn ní àdúgbò tiwọn, níbi tí ibi ìwáṣẹ́, ìkẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò wà nítòsí. Ẹni tí kò wá sí ìpàdé, òṣìṣẹ́ lè bá ìyá rẹ̀ pàdé ní òpópónà. Ẹ̀yin tí a bí ní agboolé, ẹ̀yin kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé agbára ìyẹn fún yín.

Ní 2012, wọ́n tún dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti ọdún 16 sí 24, tí wọ́n pè ní Arches. Àwọn tí wọ́n gbà láti máa tọ́ wọn sọ́nà kì í ṣe àwọn ọ̀mọ̀wé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣẹ̀wọ̀n rí, wọ́n sì ti yípadà. Ọmọ àdúgbò náà ni wọ́n. Wọ́n ń jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ náà ní agbo, wọ́n jọ ń jẹun, nọ́ńbà fóònù wọn sì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́ lóru. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, a máa ń wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa a máa fi ọwọ́ tọ́ka sí kòtò náà láti òkèèrè, a kì í jẹ́ kí ẹni tí ó jìn sí i wá sọ̀rọ̀. Ní 2018, iléeṣẹ́ ìwádìí Urban Institute gbé àbájáde jáde: bí a bá fi àwọn ọmọ Arches wé irú wọn tí kò sí nínú ètò náà, iye àwọn tí kóòtù tún dá lẹ́bi fún ẹ̀ṣẹ̀ ńlá fi ìdá 69 nínú 100 dín láàrin oṣù 12, ó sì fi ìdá 57 dín láàrin oṣù 24.

Ní ti àwọn tí kò tíì pé ọdún 16, ọ̀nà jíjìn ni ìyà tiwọn. Wọ́n ń kó wọn kúrò ní ìlú lọ sí ilé ìjọba ní òkè ìpínlẹ̀, ọ̀pọ̀ wákàtí sí ilé. Ìyá tí kò ní mọ́tò kò lè débẹ̀. Ní 2006, ọmọ ọdún 15 kan kú ní ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, Tryon, lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ méjì tẹ̀ ẹ́ dojú bolẹ̀. Láti 2012 ni òfin tuntun ti jẹ́ kí ìlú New York máa tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní àwọn ilé kéékèèké tí ó sún mọ́ òbí wọn. Iléeṣẹ́ ìlú mìíràn, tí ń bójú tó ọ̀ràn àwọn ọmọdé, ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Nígbà tí ó di 2017, ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí i pé a kò ní máa ka ọmọ ọdún 16 àti 17 sí àgbà mọ́ ní kóòtù. Ó bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ ọdún 16 ní October 1, 2018, àti fún ọmọ ọdún 17 ní October 1, 2019. Ìpínlẹ̀ méjì péré ló kù ní Amẹ́ríkà tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ọdún mẹ́jọ ni èyí fi pẹ́ jù fún Browder.

Ẹ má rò pé gbogbo ènìyàn ní New York gbà pé ọ̀nà yìí dára. Ní 2023, Mayor Eric Adams yan Juanita Holmes, ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ńlá nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, láti darí iléeṣẹ́ náà, ojú tí ó sì fi ń wo iṣẹ́ náà súnmọ́ ti ọlọ́pàá jù ti Schiraldi lọ. Àwọn tí ó fara mọ́ ọn ní ìdí tiwọn: onílé ìtajà tí wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ agbo àti oúnjẹ. Mo mọ àwọn oníṣòwò tí yóò sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ tiwa gan-an, n kò sì lè sọ pé wọ́n burú. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọmọ tí ó fọ́ ṣọ́ọ̀bù náà yóò padà sí àdúgbò kan náà lọ́jọ́ kan, yálà láti ẹ̀wọ̀n tàbí láti agbo. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ni àwọn àgbà dárúkọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sílé, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti New York nìkan mọ́. Ní 2003 ni ìjọba àpapọ̀ wa ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, tí ó sọ pé a kò gbọdọ̀ rán ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 lọ sẹ́wọ̀n. Ní 2015, òfin tuntun lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn fún adájọ́ ní àṣẹ láti ní kí ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìlú tàbí kí ó wà lábẹ́ àmójútó dípò ẹ̀wọ̀n. Ní 2019, wọ́n yí orúkọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí Nigerian Correctional Service, wọ́n sì pín in sí ọ̀nà méjì: ọ̀kan fún àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi, èkejì fún àwọn tí a ó máa tọ́jú níta. Ilé ẹ̀kọ́ Borstal tí a ti ń tọ́ àwọn ọmọ tí ó kọsẹ̀ wà ní Kaduna, Ìlọrin àti Abẹ́òkúta. Lórí ìwé, a kò kẹ̀rẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ènìyàn 76 ni wọ́n kó wá sí kóòtù gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja lórí ìwọ́de oṣù kẹjọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé láti ìhà Àríwá. Ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba wà lára ohun tí wọ́n kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà ṣubú lulẹ̀ níwájú adájọ́. Wọ́n ti wà ní àhámọ́ láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ebi sì hàn lára wọn. Béèlì tí wọ́n fún wọn jẹ́ mílíọ̀nù 10 náírà fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú onídùúró méjì. Ta ni yóò rí i? Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, wọ́n fagi lé ẹ̀sùn náà nítorí pé Ààrẹ pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni Ààrẹ yóò gbọ́ nípa rẹ̀.

Ju ìdajì lọ nínú àwọn tí ó wà ní àhámọ́ ní orílẹ̀-èdè wa ni kóòtù kò tíì dá lẹ́bi. Nínú iṣẹ́ mi gẹ́gẹ́ bí àlùfáà tí ń bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò, mo máa ń bá àwọn ọmọ Yorùbá pàdé níbẹ̀ tí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ tàbí wá ṣe lébìrà ní ìlú yìí. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò ju ti àwọn yòókù lọ. Ohun tí ó dì wọ́n mú ni pé nígbà tí adájọ́ béèrè ta ni ó mọ̀ wọ́n, kóòtù dákẹ́. Bàbá wà ní Ìkirè, ìyá wà ní Ṣakí, ọ̀gá tí ń kọ́ wọn níṣẹ́ ti sá. Àwa tí a wà ní ìlú yìí ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, a sì ń pàdé lóṣooṣù. A ń dá owó fún òkú, a ń ra aṣọ ẹgbẹ́, a ń kó owó jọ fún ẹni tí ó gba oyè nílé. Mo ṣì ń retí ìgbà tí n óò gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan yan ẹni méjì láti máa lọ sí kóòtù ní ọjọ́ Ajé. Nínú Bíbélì, Júdà ni ó ṣe onídùúró fún Bẹ́ńjámínì nígbà tí bàbá wọn kò fẹ́ kí ó lọ. Ẹni tí ó ti bá wọn ta Jósẹ́fù tẹ́lẹ̀ ni Júdà yìí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun díẹ̀ tí ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é mọ̀. Òfin 2015 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n dípò ọmọ tí wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín, ẹ pe lọ́yà. Òfin náà tún sọ pé wọn kò gbọdọ̀ kọ ẹnìkan ní onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin; nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ má gbà kí wọ́n ní kí ẹ lọ wá ọkùnrin wá. Kóòtù ìjọba àpapọ̀ àti ti Abuja ni òfin yìí dè ní tààrà. Ní kóòtù ìpínlẹ̀, ẹ béèrè ohun tí òfin ìpínlẹ̀ náà wí. Béèlì ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn kọ sára ògiri. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé bí ẹni tí ẹ dúró fún bá sá lọ, owó tí ẹ fọwọ́ sí lè lọ. Kì í ṣe eré. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ lọ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ bí Augustus ti ṣe, ẹ mọ ilé tí yóò máa gbé, ẹ sì mọ ẹni tí yóò máa jí i lọ síbi iṣẹ́. Bí ẹ kò bá gbà á gbọ́, ẹ má fọwọ́ sí i.

Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín dání, àti ẹ̀rí ibi tí ẹ ń gbé. Àwọn adájọ́ kan ń béèrè ìwé láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú. Èmi fúnra mi a máa wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́rú, orúkọ àwọn tí kò ní ẹnìkan sì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi lọ, kí ó dúró dè mí ní ilé Fadá ní agogo méjì.